N Mẹ́ta Inú ‘Nǹkan’

Ìwé tí ẹ kọ sí ojú ewé ìbéèrè wa ní oṣù tí ó kọjá pọ̀, ṣùgbọ́n márùn-ún ni a mú nínú wọn, nítorí pé orí lẹ́tà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn dá lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó kọ wọ́n kò mọ ara wọn rí.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọmọ mi tí ó wà ní kíláàsì kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ dé, mo sì rí i pé olùkọ́ ti fi gègé pupa fa ìlà sí abẹ́ “Jẹ́ kin lọ” àti “Òjò nrọ̀”. Mo wò ó títí, n kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni èmi náà máa ń kọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni iṣẹ́ N yìí nínú èdè Yorùbá, tí ó fi máa ń ní àmì lórí nígbà mìíràn, tí kì í sì í ní in nígbà mìíràn? (Ìyá ọmọ, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Olùkọ́ náà jàre, ṣùgbọ́n ẹ̀bi yín kò pọ̀, nítorí pé nínú lẹ́tà 25 tí a fi ń kọ Yorùbá, n kò mọ èyí tí a gbé iṣẹ́ lé lórí tó N. Ipò 15 ni ó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, láàrin M àti O, ó sì rí bí ẹlẹgbẹ́ àwọn yòókù lójú. Ìgbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé ni a máa ń rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò dilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú gbólóhùn kan péré tí ẹnikẹ́ni lè sọ nínú ilé: “Jẹ́ kí n sọ nǹkan tí ó ń ṣe mí.” N márùn-ún ni ó wà níbẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀ lé “kí” jẹ́ odidi ọ̀rọ̀ kan fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ni, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni ó sì dúró fún, gẹ́gẹ́ bí “mo” àti “mi” ti ń ṣe ní ibòmíràn. Òun náà ni ó wà nínú “n kò rí i” àti “n ó padà wá”. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ “kí”. Bí a bá kọ “kin lọ”, ẹni tí ó fẹ́ lọ náà ti sọnù sínú ọ̀rọ̀ tí ó ṣíwájú rẹ̀.

N tí ó wà níwájú “ṣe” kì í ṣe ènìyàn rárá. Ohùn òkè ni ó ní, òun ni ó sì ń fi hàn pé ohun tí à ń wí ń lọ lọ́wọ́, kò tíì parí. Àwọn onímọ̀ gírámà ń pè é ní atọ́ka ibá atẹ́rẹrẹ. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí ẹnìkan nílé pé “òjò rọ̀”, ìtàn ni ẹ sọ fún un, ó lè jẹ́ pé òjò ti dá tipẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ “òjò ń rọ̀”, onítọ̀hún yóò sáré kó aṣọ tí ó sá síta wọlé. Lẹ́tà kan àti àmì kan péré ni ó wà láàrin méjèèjì. Òun náà ni a sì gbọ́dọ̀ dá kọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni òun pẹ̀lú.

Mẹ́ta ni ó kù, inú “nǹkan” ni gbogbo wọn sì wà. Mo rọ̀ yín kí ẹ pe ọmọ yín sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, kí ẹ̀yin méjèèjì máa fi ọwọ́ lu tábìlì náà bí ẹ ti ń pe ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀díẹ̀: n, ǹ, kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọwọ́ yín yóò balẹ̀. Àkọ́kọ́ jẹ́ re, ìkejì jẹ́ dò, ìkẹta jẹ́ re, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni onílù dùndún yóò ṣe sọ ọ́ bí ó bá fẹ́ fi ìlù pè é. Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé n àkọ́kọ́ jẹ́ sílébù kan, èkejì náà jẹ́ sílébù kan, láìsí fáwẹ̀lì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ń gba ohùn lórí bí a àti i ti ń gbà á. Irú n yìí kan náà ni ó wà láàrin “gbòǹgbò” tí a ń lù ní dò dò dò, tí ó sì wà níwájú “ńlá” tí a ń lù ní mí mí. Nítorí náà ni a ṣe ń fi àmì sí i lórí, nítorí pé sílébù tí ó bá ní ohùn gbọ́dọ̀ fi ohùn rẹ̀ hàn. Nígbà tí kò bá ní àmì, bí ó ti rí nínú “kí n lọ” àti níwájú “nǹkan”, ohùn àárín ni ó ní, a kì í sì í sábà kọ àmì ohùn àárín.

N tí ó parí “nǹkan” wá yàtọ̀ pátápátá. Kò ní ohùn tirẹ̀, kò sì ní ìró tirẹ̀. Ohun tí ó ń sọ fún wa kò ju pé kí a pe a tí ó ṣíwájú rẹ̀ láti imú. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tí ó tẹ̀ lé e di imú yín, kí ẹ sì pe “kú”. Ó jáde wẹ́rẹ́. Ẹ tún wá pe “kún” láìtú imú sílẹ̀, ẹ ó rí i pé ohùn náà há síbi kan, nítorí pé ọ̀nà tí ó yẹ kí ó gbà jáde ni ẹ dí. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ahọ́n yín kò kan òkè ẹnu nígbà tí ẹ parí “kún”, bẹ́ẹ̀ ahọ́n máa ń kan òkè ẹnu bí a bá ń pe n gidi. Iṣẹ́ kékeré kọ́ ni n yìí ń ṣe, nítorí òun ni ó ya “ó kún” tí a ń wí nípa ìkòkò omi sọ́tọ̀ kúrò lára “ó kú”, òun ni ó ya “rín” sọ́tọ̀ kúrò lára “rí”, tí ó sì ya ẹni tí ó “tàn” wá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó “tà” wá.

Ẹ ó ti rí i báyìí pé nínú n márùn-ún tí ó wà nínú gbólóhùn yẹn, kò sí èyí tí ó jẹ́ kọ́ńsónáǹtì lásán, irú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ “ná” tí ó sì wà láàrin “iná”. Òun náà ní ìwà tirẹ̀. Fáwẹ̀lì tí ó bá tẹ̀ lé e ti di aránmúpè, ìyẹn èyí tí a ń pè láti imú, láìsí pé a tún fi n mìíràn sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń kọ “inú” àti “iná” tí a kì í kọ “inún” tàbí “inán”. Bí ó bá sì pàdé fáwẹ̀lì tí kì í ṣe aránmúpè, ṣe ni ó máa ń di l. Ẹ rìn já àárín ọjà kí ẹ máa gbọ́ bí a ti ń pe àwọn ìyá wa tí ó jókòó síbẹ̀. “Oní” ni gbogbo wọn ní ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ta iṣu nìkan ni ó jẹ́ oníṣu, ẹni tí ó ń ta ata jẹ́ aláta, ti epo jẹ́ elépo, ti ẹran jẹ́ ẹlẹ́ran. Níbi tí i ti dúró, n dúró tì í. Níbi tí a, e, ẹ, o tàbí ọ ti gba ipò i, n yẹ̀ kúrò, l sì wọlé. Bákan náà ni a ṣe ń wà “nílé”, tí a sì ń wà “lọ́jà”.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà tún un kọ báyìí: “Jẹ́ kí n lọ”, “Òjò ń rọ̀”. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé àmì orí n kò ṣe pàtàkì. Ó dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo bá rí ìwé tí a tẹ̀ jáde, tí a náwó sí, tí ó sì kọ n gbogbo bákan náà, nítorí pé òǹkàwé ni yóò máa ṣe iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé ì bá ti ṣe.

Ìbéèrè: Mo ń kọ́ni ní kéwú, mo sì ń ka ìwé ìròyìn yín. Lẹ́tà Nūn tí ó wà nínú èdè Lárúbáwá àti N tí àwọn ọmọ ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ǹjẹ́ wọ́n bá ara wọn tan? (Òǹkàwé láti Ìlọrin)

Ìdáhùn: Ọmọ baba kan náà ni wọ́n, àlùfáà wa. Ní ọdún 1905, Flinders Petrie, onímọ̀ nípa ohun ayé àtijọ́, rí àwọn àkọlé kan ní Serabit el-Khadim ní ilẹ̀ Sínáì, níbi tí àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì ti ń wa òkúta iyebíye. Àkọlé wọ̀nyí ti lé ní 3,500 ọdún. Àwọn tí ó kọ wọ́n ń sọ èdè kan tí ó jẹ́ ìbátan èdè Hébérù àti Lárúbáwá, ara àwòrán tí àwọn ará Íjíbítì fi ń kọ̀wé ni wọ́n sì ti ṣa díẹ̀ mú. Ní ọdún 1916, Alan Gardiner, onímọ̀ nípa èdè Íjíbítì ìgbàanì, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lò wọ́n: wọ́n ń ya àwòrán ohun kan, wọ́n sì ń fi dúró fún ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ohun náà lédè wọn. Ohun tí àwa náà ń ṣe fún àwọn ọmọdé nìyẹn nígbà tí a bá ya ajá sí ẹ̀gbẹ́ A, tí a sì ya bàtà sí ẹ̀gbẹ́ B. Ejò ni wọ́n yà fún n. Títí di òní, “nahash” ni ejò ń jẹ́ lédè Hébérù.

Nígbà tí lẹ́tà náà dé ọwọ́ àwọn ará Fòníṣíà, tí wọ́n gbé ní etíkun ibi tí à ń pè ní Lẹ́bánónì lónìí, orúkọ tí ó ń jẹ́ ni “nun”, ìtumọ̀ èyí sì ni ẹja. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Àlùkùránì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde: Súrà 21, ẹsẹ 87, pe Ànábì Yūnúsà ní Dhū n-Nūn, ẹni tí ó ni ẹja, nítorí ẹja ńlá tí ó gbé e mì. Lẹ́tà yìí kan náà ni ó sì ṣí Súrà 68. Láti ọwọ́ àwọn ará Fòníṣíà ni àwọn Gíríìkì ti gbà á, tí wọ́n pè é ní “nu”, láti ọ̀dọ̀ Gíríìkì ni ó ti dé Ítálì, tí àwọn ará Róòmù fi tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Nínú àwọn àkọlé Gíríìkì àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ, ẹni tí ó bá sì wò ó dáadáa yóò ṣì rí ejò tí ń wọ́ lọ nínú rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí mo mọ̀ pé yóò dùn mọ́ yín. Ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú pé bí nūn tí kò ní fáwẹ̀lì bá pàdé b, m ni kí wọ́n kà á, òfin tí ẹ ń pè ní iqlāb. Ẹ tẹ́tí sí ọmọ Yorùbá tí kò lọ sí ilé-kéwú rí nígbà tí ó bá ń sọ pé “ó ń bọ̀”. Ètè rẹ̀ méjèèjì yóò pàdé kí ó tó dé orí b, m ni ẹ ó sì gbọ́. Bí ó bá ní “ó ń kọrin”, ọ̀fun lọ́hùn-ún ni n yóò ti jáde. A ń kọ wọ́n bákan náà, ṣùgbọ́n ibi tí kọ́ńsónáǹtì tí ó tẹ̀ lé e bá wà ni n máa ń lọ bá a.

Ìbéèrè: Mo jogún Bíbélì ìyá mi àgbà, ṣùgbọ́n n kò lóye bí wọ́n ṣe kọ ọ́: “nwọn”, “nyin”, “enia”. Kí ló dé tí n fi wà níbi tí a kì í ti í rí i lónìí? (Òǹkàwé láti Lọ́ńdọ̀nù)

Ìdáhùn: Bíbélì yẹn yẹ ní títọ́jú, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bọ́ sọnù. Àwọn tí ó kọ́kọ́ fi lẹ́tà Róòmù kọ Yorùbá kò ní ẹni tí wọn ì bá wò. Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843, Henry Townsend, ajíhìnrere ará Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ìpàdé kan sì wáyé ní Èkó ní ọdún 1875 láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ń fetí sí “wọ́n” àti “yín”, wọ́n gbọ́ pé kì í ṣe fáwẹ̀lì nìkan ni ó ń gba imú kọjá, pé w àti y fúnra wọn ti bẹ̀rẹ̀ láti imú. Etí wọn kò ṣì wọ́n gbọ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi n kan síwájú, tí wọ́n tún fi òmíràn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n n ẹ̀yìn nìkan ti tó, nítorí pé kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò rí “wọn” tí kò ní í ran w rẹ̀ mọ́ imú fúnra rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé kalẹ̀ ní ọdún 1966 ṣiṣẹ́ lórí irú nǹkan báwọ̀nyí, ní ọdún 1974 sì ni a fọwọ́ sí akọtọ́ tí à ń lò báyìí ní Nàìjíríà. Bí a ti yọ n kan kúrò nínú “nwọn” ni a fi n kan kún “enia”, tí ó fi di “ènìyàn”, nítorí pé àwọn àtijọ́ kò kọ y, wọn kò sì fi hàn pé a ìparí rẹ̀ jẹ́ aránmúpè.

Ẹ tún wo ìbẹ̀rẹ̀ Jẹ́nẹ́sísì nínú Bíbélì náà: “Li atetekọṣe”. L tí mo sọ fún ìyá wa tí ó wà ní Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. N inú “ní” ti di l nítorí a tí ó wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń kọ lẹ́tà i sí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ìkọ̀wé, ohun tí àwa kì í ṣe mọ́. Bí ìyá àgbà bá sì fi ìwé orin sílẹ̀ pẹ̀lú, ẹ ó rí “Ngo” níbẹ̀, èyí tí í ṣe “n ó”, arọ́pò-orúkọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi g tì lẹ́yìn.

Ohun kan ṣoṣo ni akọtọ́ òde òní fi sílẹ̀ tí kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ìró kan náà ni ó parí “ìbọn” àti “ọ̀sán” lẹ́nu ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa, ṣùgbọ́n a ń kọ ọ́ ní “ọn” lẹ́yìn b, f, gb, p àti w, a sì sábà máa ń kọ ọ́ ní “an” níbi yòókù. Àwọn ọmọdé ń kọ́ ọ sórí lásán ni, wọn kì í gbọ́ ọ.

Ìbéèrè: Kí ni N tí a fa ìlà méjì kọjá lára rẹ̀ lórí owó wa, kí sì ni n inú ìṣirò? (Akẹ́kọ̀ọ́ girama, Adó-Èkìtì)

Ìdáhùn: ₦ ni àmì náírà, tí ó rọ́pò pọ́n-ùn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, tí pọ́n-ùn kan di náírà 2. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó ti jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀, ni a mọ̀ mọ́ orúkọ náà, inú orúkọ Nàìjíríà gan-an ni a sì ti fà á yọ. Owó yìí ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ ní ọ̀nà kan, nítorí pé fáwẹ̀lì ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá, ó sì ṣòro láti rí èyí tí n bẹ̀rẹ̀ tí a lè ya àwòrán rẹ̀ fún ọmọdé. Nínú ìṣirò, n dúró fún nọ́ńbà èyíkéyìí tí a lè fi ka nǹkan. Nínú kẹ́mísírì, N ni gáàsì náítírójìn tí ó kó ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Nínú físíìsì, òun ni ìwọ̀n agbára tí a fi orúkọ Isaac Newton pè, lórí máàpù Gẹ̀ẹ́sì sì ni ó ti ń tọ́ka sí àríwá.

Ìbéèrè: Mo lọ sí Salvador ní Bàhíà, ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì, mo rí orúkọ àwọn òrìṣà wa lára ògiri: Ogum, Oxum, Iansã. Ta ni ó yọ n kúrò lára wọn? (Òǹkàwé láti Oṣogbo)

Ìdáhùn: Kò sí ẹni tí ó yọ ọ́, aṣọ ni ó pààrọ̀. Nínú èdè Potogí, m tí ó parí ọ̀rọ̀ kì í pa ètè dé. Ó ń sọ pé kí a pe fáwẹ̀lì láti imú, iṣẹ́ tí n ń ṣe fún wa nínú Ògún àti Ọ̀ṣun gan-an ni. Ní Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì, n ni wọ́n fi parí tiwọn: Oggún, Ochún.

Ti Iansã, ìyẹn Ọya, ni ó wù mí jù. Ní ayé àtijọ́, nígbà tí àwọn akọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù ń fi ọwọ́ kọ ìwé sórí awọ ẹran, awọ wọ́n gógó, nítorí náà wọn a máa fún ọ̀rọ̀ pọ̀. Dípò kí wọ́n kọ n tàbí m sí ẹ̀yìn fáwẹ̀lì, wọn a kọ ọ́ ní kékeré sórí rẹ̀. Bí ọwọ́ wọn ti ń yá sí i, lẹ́tà kékeré yẹn di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ká kò díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni “annus” àwọn ará Róòmù, tí í ṣe ọdún, ṣe di “año” lédè Sípéènì, tí “lana”, irun àgùntàn, sì di “lã” lédè Potogí. Nígbà tí Lepsius ará Jámánì tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1855 lórí bí a ó ṣe máa fi lẹ́tà Róòmù kọ àwọn èdè tí kò tíì ní àkọsílẹ̀, àmì yìí kan náà ni ó yàn fún fáwẹ̀lì aránmúpè. Bí a bá ti lò ó ni, “kũ” ni à bá máa kọ fún ìkòkò tí omi rẹ̀ dé ẹnu. A kò lò ó. Ẹ̀yìn fáwẹ̀lì ni àwa gbé n tiwa sí, a sì ń kọ Yánsàn. Bí ẹ bá tún padà dé Bàhíà, ẹ gbé ojú sókè wo orí a tí ó parí orúkọ náà, n kékeré yẹn ṣì wà níbẹ̀.